Lọ́yà tó ń yẹ àdéhùn sọ́fúwià wò ní Ògbómọ̀ṣọ́: iṣẹ́ rẹ̀ tó owó tó ń gbà

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ sọ́fúwià, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà, ní Under G àti agbègbè LAUTECH, lọ́yà obìnrin kan wà lójú ọ̀nà Ìlọrin tó máa ń ka àdéhùn yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. ₦35,000 ló gbà lọ́wọ́ mi fún ìwé olójú mẹ́jọ, mo sì tún máa san án láì janpata.

Oníbàárà mi jẹ́ Alàájì kan tó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ohun tó kọ sínú ìwé ni pé kí n ṣe "ètò tí yóò máa bójú tó gbogbo òwò kajú, tí yóò yá, tí yóò rọrùn lò, àti àwọn nǹkan mìíràn tó bá jẹ yọ", kó sì ti ṣetán "kí kajú tó jáde". Iye owó ti dúró síbẹ̀ gbọingbọin. Lọ́yà fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ "gbogbo", "yá", "rọrùn" àti "mìíràn". Nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ti ń béèrè pé: "Ta ló máa sọ pé èyí ti parí, kí sì ni onítọ̀hún máa fojú rí kó tó sọ bẹ́ẹ̀?" Ìwé náà kò dáhùn. "Kí kajú tó jáde" ńkọ́? Ṣé èso àkọ́kọ́ tó bọ́ lóko ẹnì kan ni, àbí ìgbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wọlé? Gbólóhùn yẹn nìkan tó gbé èèyàn dé kóòtù.

Kì í fa ìlà pupa kó sì fi yín sílẹ̀. Ó máa ń jókòó tì yín tún un kọ. "Gbogbo òwò kajú" di pé akọ̀wé ìdí ìwọ̀n yóò tẹ orúkọ àgbẹ̀, iye kílò àti owó kílò kan. Rìsíìtì yóò jáde. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, ohun tó ti tẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù. A kọ orúkọ ọmọ Alàájì síbẹ̀ pé òun ló máa dán an wò, tó sì máa sọ pé ó ti pé. Ohun tuntun tí wọ́n bá fẹ́, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa fi kún iṣẹ́, tọ̀tún-tòsì yóò fọwọ́ sí i kí n tó fọwọ́ kan kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí mo ń kọ fún kọ̀ǹpútà. Kò sí pé wọ́n fi ohùn rán an lórí WhatsApp mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kò ka oníbàárà tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ sí ọ̀tá. Ó ní kò burú kéèyàn má tíì mọ̀ ọ́n. Ewu ibẹ̀ ni kí iṣẹ́ máa gbòòrò, kí owó àti ọjọ́ sì dúró sójú kan. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ lè máa sanwó lóṣooṣù, tàbí kó kọ́kọ́ sanwó ìwádìí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ẹ ó fi kọ ohun tó fẹ́ sílẹ̀. Bí kò bá gba ìkankan nínú méjèèjì, ẹ fi í sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan padà: wọ́n kọ "àti ohunkóhun tí oníbàárà bá tún béèrè" síbẹ̀, wọn ò sì gbà kí a yọ ọ́. Owó wọn pọ̀. Ó dùn mí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé owó ńlá ń wo àìsàn yìí sàn o. FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, pa Virtual Case File, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ máa fi tọ́jú fáìlì ẹjọ́, tì ní 2005, lẹ́yìn tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 170 dọ́là ti bá a lọ. Olùbẹ̀wò àgbà ilé-iṣẹ́ ìdájọ́ wọn sọ ọ́ nínú ìròyìn rẹ̀ pé ara ohun tó fà á ni pé wọn kò ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ dáadáa, ó sì pẹ́ kó tó fìdí múlẹ̀.

Lọ́yà yìí náà ní àléébù. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ nípa sáfà, kọ̀ǹpútà tí ètò náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Èmi ni mo rí i pé ìwé náà kò sọ ẹni tí yóò máa sanwó rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kìíní. Kì í ka nǹkan lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ó mọ Copyright Act ti 2022, òfin Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá iṣẹ́: ó ní kóòdù tí mo kọ jẹ́ tèmi àyàfi bí ìwé bá sọ ohun mìíràn, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbà tí owó ìkẹyìn bá wọlé ni yóò tó di ti Alàájì.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ lọ láàárọ̀. Ẹ tẹ àdéhùn náà sórí ìwé, kí ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ ti bá oníbàárà sọ lórí WhatsApp mọ́ ọn. Ó máa ń fi méjèèjì wéra, ibi tí wọn ò bá ti bára mu ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀.