Kí Ẹ Tó Ra Kọ̀ǹpútà Ilé: Ìfiwéra Àwọn Áàpù Tí Ẹ Óò Bá Nínú Rẹ̀ àti Bí Wọ́n Ṣe Ṣeé Yọ Tó

Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún ilé máa ń béèrè iye owó rẹ̀ àti bí bátìrì rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ó béèrè ohun tí wọ́n ti kó sínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ òun. Ìbéèrè yẹn ni mo fi gbé kọ̀ǹpútà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì níbí: áàpù wo ni a óò bá níbẹ̀ tí a kò béèrè fún, ṣé ó ṣeé yọ, kí sì ni yíyọ rẹ̀ yóò ná wa?

Kọ̀ǹpútà Windows tuntun tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni ẹrù inú rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà máa ń sanwó fún àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè bá wọn kó ọjà wọn síbẹ̀, owó yìí sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí iye tí wọ́n ń tà á wálẹ̀. Ẹ óò bá ètò agbógunti fáírọ́ọ̀sì bíi McAfee tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìgbà díẹ̀, Microsoft 365 tí ọ̀fẹ́ tirẹ̀ náà lọ́jọ́, géèmù, àti áàpù ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ ọ̀fẹ́ wọ̀nyẹn kì í tán jẹ́ẹ́: níbi tí ẹ ti ń tẹ lẹ́tà lọ́wọ́, àpótí kékeré kan á yọ ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, á ní ààbò yín ti fẹ́ tán, bọ́tìnnì tí a fi ń sanwó á tóbi gbàǹgbà, èyí tí a fi ń lé e lọ á sì kéré bí ojú abẹ́rẹ́.

Yíyọ àti pípa kì í ṣe ohun kan náà. Bí ẹ bá wọ Settings, tí ẹ tẹ Apps, tí ẹ sì tẹ Installed apps, ẹ óò rí Uninstall fún áàpù kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń yọ ọ́ kúrò tí ààyè tó gbà sì ń padà di tiyín. Pípa ni ti Startup apps nínú Task Manager: áàpù tí ẹ bá pa níbẹ̀ kò ní máa jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nílé, ó ṣì ń gba ààyè. Lórí kọ̀ǹpútà tí ààyè rẹ̀ jẹ́ 64GB péré, tí í ṣe iye tó kéré jù tí Microsoft fi lélẹ̀ fún Windows 11, pípa nìkan kò tó. Ètò agbógunti fáírọ́ọ̀sì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí ẹ má sì bẹ̀rù, nítorí Microsoft Defender tó bá Windows wá yóò gba iṣẹ́ náà ṣe. Èyí tí èmi kì í yọ, tí mo kàn máa ń pa, ni áàpù ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà, nítorí ipasẹ̀ rẹ̀ ni àtúnṣe BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, àti ti dráífà, ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, máa ń gbà wọlé.

Ìgbà mìíràn wà tí Uninstall kò tó. Láàárín ọdún 2014 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2015, Lenovo ta àwọn láàpútọ́ọ̀pù kan tí ètò ìpolówó kan tí ń jẹ́ Superfish wà nínú wọn. Superfish fi ìwé-ẹ̀rí ààbò tirẹ̀, ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, sínú Windows kí ó lè máa ki ìpolówó bọ ojú-ìwé tó yẹ kó wà ní títì kí ẹlòmíràn má lè yọjú sí i. Ẹni tó bá sì yọ áàpù náà kò tíì yọ ìwé-ẹ̀rí yẹn. Nítorí irú èyí ni àwa kan ṣe máa ń fọ inú kọ̀ǹpútà tuntun nù pátápátá, tí a sì ń fi Windows mìíràn sí i láti ìbẹ̀rẹ̀: flash tó gba 8GB, Windows tí a gbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft, tí dátà rẹ̀ sì lé ní 5GB, àti sùúrù. A kò ní ra Windows lẹ́ẹ̀kejì, nítorí kọ́kọ́rọ́ àṣẹ rẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà náà láti ilé-iṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà pẹ̀lú FreeDOS, ètò ọ̀fẹ́ kékeré tí wọ́n fi dípò Windows, kò ní ohun kan tí a óò yọ, nítorí kò ní Windows rárá. Ẹ ka owó Windows mọ́ ọn, àfi bí ẹ bá fẹ́ lo Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ tó lè ṣe iṣẹ́ Windows. Mac kì í kó ọjà ilé-iṣẹ́ mìíràn wá, ti Apple nìkan ni. Ẹ lè ju GarageBand àti iMovie sínú Trash, ṣùgbọ́n Chess àti Stocks kò ṣeé yọ, nítorí láti ìgbà Big Sur, ẹ̀dà macOS ti ọdún 2020, ni Apple ti fi èdìdì dí apá tí wọ́n wà. Lójú tèmi, Chromebook, kọ̀ǹpútà tó ń lo ètò Google dípò Windows, ni inú rẹ̀ mọ́ jù nínú àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé sọ́fítíwíà tí wọ́n ṣe fún Windows kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àti pé àtúnṣe rẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò dáwọ́ dúró: ọdún 10 ni Google fún àwọn tó jáde láti 2021, ìgbà tí irú kọ̀ǹpútà náà kọ́kọ́ jáde ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á.

Ti tòkunbọ̀ yàtọ̀. Láàpútọ́ọ̀pù ThinkPad, Latitude àti EliteBook tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ti lò, tí wọ́n ń bọ́ sí Computer Village ní Ìkẹjà, sábà máa ń lágbára ju tuntun tí owó wọn jọ dọ́gba, òun ni mo sì ń gba ẹni tó nílò Windows níyànjú láti rà. Ṣùgbọ́n ẹrù inú rẹ̀ lè jẹ́ ti ẹni tó tà á: Windows tí wọ́n fi ètò jìbìtì ṣí láìsanwó àṣẹ rẹ̀, àti Defender tí wọ́n ti pa kí ètò jìbìtì náà lè ráyè. Irú èyí kò ṣeé yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fífọ̀ pátápátá ni oògùn rẹ̀.

Fífọ̀ yìí náà ni ó tú àṣírí ohun tó burú jù fún mi. Mo ra ọ̀kan fún àbúrò mi obìnrin, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán nílé tí mo so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ni ó fi kí mi káàbọ̀, ó ní kí n tẹ ímeèlì àti páásíwọ́ọ̀dù ibi iṣẹ́ mi. Àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ wọn, kò sì sí iye ìgbà tí a lè fọ̀ ọ́ tí yóò gbàgbé wọn. Mac tòkunbọ̀ náà ní irú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Activation Lock, títì tó so ó mọ́ àkántì Apple ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí oníṣòwò tẹ Reset this PC, kí ó yan Remove everything, kí ẹ jókòó tì í títí yóò fi parí, kí ẹ sì so ó mọ́ hotspot fóònù tiyín. Bí ó bá béèrè ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ dá a padà fún un.