Àyẹ̀wò Zotero fún ẹni tó ń to ìwé ìtọ́kasí àpilẹ̀kọ sáyẹ́ǹsì

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà nídìí kíkọ àpilẹ̀kọ sí jọ́nà, n kò mọ èyí tó ń jẹ àkókò olùṣèwádìí láìfi nǹkan kan kún ìmọ̀ rẹ̀ bí títo ìwé ìtọ́kasí. Ẹ jẹ́ ká mú àpilẹ̀kọ olókìkí tí Watson àti Crick kọ sínú Nature ní ọdún 1953 lórí bí DNA ṣe rí. Bí a bá ń tẹ̀lé APA, ìlànà títo ìtọ́kasí tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀, a ó fi àmì ìdánudúró sẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó dúró fún orúkọ àbísọ wọn, ọdún yóò tẹ̀lé orúkọ wọn nínú àkámọ́, orúkọ jọ́nà àti ìdìpọ̀ 171 yóò wà ní lẹ́tà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ìwé yóò sì jẹ́ 737–738. Bí jọ́nà mìíràn bá ní Vancouver, ìlànà oní-nọ́ńbà tí àwọn jọ́nà ìṣègùn ń lò, ni òun fẹ́, àwọn àmì ìdánudúró yẹn yóò kúrò, ọdún yóò bọ́ sẹ́yìn orúkọ jọ́nà, ojú ìwé yóò sì di 737–8. Àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹni tó ní ọgọ́ta irú rẹ̀, tí jọ́nà àkọ́kọ́ sì kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ojú rẹ̀ yóò rí nǹkan kó tó fi ránṣẹ́ sí èkejì.

Ẹrù yìí ni Zotero wá sọ̀ kalẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ọdún 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí àfikún inú Firefox, ṣùgbọ́n ó ti dá dúró fúnra rẹ̀ báyìí. Ohun tó mú kí n fi ojú iyì wò ó ju ti pé ó jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ ni pé kì í tọ́jú ìtọ́kasí bí ìlà ọ̀rọ̀ tí a ti tò tán. Orúkọ òǹkọ̀wé ní àyè tirẹ̀, ọdún ní àyè tirẹ̀, àkọlé, orúkọ jọ́nà, ìdìpọ̀ àti ojú ìwé náà wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlànà tí yóò tò wọ́n pọ̀ sì jẹ́ fáìlì mìíràn tí wọ́n kọ ní èdè tí wọ́n ń pè ní CSL. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ tó wà fún Zotero ti lé ní 10,000, nítorí náà ó ṣòro kí èèyàn wá ìlànà jọ́nà tó gbajúmọ̀ tì níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ kúrò ní APA bọ́ sí Vancouver, a kàn yan ìlànà tuntun, gbogbo ìtọ́kasí inú ọ̀rọ̀ àti àkójọ tó wà nísàlẹ̀ yóò sì yí padà pọ̀. Bí ìlànà náà bá jẹ́ oní-nọ́ńbà, tí a sì gbé ìpínrọ̀ kan láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀, ètò náà yóò tún nọ́ńbà wọn kà fúnra rẹ̀.

Kíkó ìsọfúnni wọlé kò le. Àfikún kékeré kan wà fún Chrome, Firefox, Edge àti Safari, tí a máa ń tẹ̀ nígbà tí ojú ewé àpilẹ̀kọ bá wà níwájú wa. A sì tún lè lẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, bíi DOI ti àpilẹ̀kọ, ISBN ti ìwé ńlá, PMID ti àpilẹ̀kọ ìṣègùn tàbí ti arXiv, àká àpilẹ̀kọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, mọ́ inú ètò náà, kí ó lọ wá ìyókù fúnra rẹ̀. Nínú Word, LibreOffice àti Google Docs ni a ti ń fi ìtọ́kasí sí àárín gbólóhùn.

Ibi tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó fara balẹ̀ sí nìyí: Zotero kò lè mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kó fún un tọ̀nà. Bí àjọ bíi World Health Organization bá wọlé bí ẹni pé èèyàn ni, tí Organization bọ́ sí àyè orúkọ ìdílé, tí World Health sì bọ́ sí àyè orúkọ àbísọ, Vancouver yóò tẹ̀ ẹ́ jáde ní “Organization WH”, olóòtú yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ka àkójọ náà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí a tẹ àmì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, kí àyè méjèèjì di ẹyọ kan.

Wàhálà lẹ́tà ńlá inú àkọlé tún ju ìyẹn lọ. Àwọn ìlànà kan fẹ́ lẹ́tà ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ pàtàkì. Nínú àkójọ APA, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ àkọlé, èyí tó tẹ̀lé àmì onítótó méjì, àti orúkọ èèyàn tàbí ibìkan ni àpilẹ̀kọ jọ́nà ń fún ní lẹ́tà ńlá. Ètò náà lè sọ kékeré di ńlá nígbà tí ìlànà bá bèèrè fún un, ṣùgbọ́n bó bá di pé kí ó sọ ńlá di kékeré, kò lè dá orúkọ ìlú mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ lásán. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe é fi ń dámọ̀ràn pé kí a fi lẹ́tà kékeré tọ́jú àkọlé, àfi ibi tí ńlá ti di dandan. Orúkọ ẹ̀dá bíi Escherichia coli náà kì í fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀. A gbọ́dọ̀ kọ <i> sí iwájú rẹ̀ àti </i> sí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú àyè àkọlé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí ni ọ̀rọ̀ yìí: ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a bá lò lórí ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tó wọlé dín ní wàhálà ju ọgọ́ta ìtọ́kasí tí a fẹ́ tún ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí gbèdéke pé.

Ohun kan wà tí mi ò rò pé àwọn èèyàn ń yìn tó. Láti ọdún 2019 ni Zotero ti ń fi àkójọ Retraction Watch, ìyẹn àkójọ àwọn àpilẹ̀kọ tí wọ́n ti kéde pé kò ṣeé gbára lé mọ́, yẹ ìwé inú àká wa wò, tí ó sì ń fi àmì pupa kìlọ̀ bí wọ́n bá ti fa àpilẹ̀kọ kan sẹ́yìn. Kò sí bí ìtọ́kasí ṣe lè gún régé tó tí yóò bo àṣírí pé ìwé tí a gbé ẹ̀rí kalẹ̀ lé lórí kò sí mọ́.

Ní ti àyè ìtọ́jú, 300 MB ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ fún fáìlì PDF lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó máa ń tètè kún. Ìsọfúnni ìwé fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yẹn. EndNote, ètò mìíràn fún irú iṣẹ́ yìí tí a ń sanwó fún, ṣì ní àwọn olùfẹ́ rẹ̀, pàápàá níbi tí yunifásítì bá ti ń san owó náà, Mendeley, òmíràn tó jẹ́ ti ilé ìtẹ̀wé Elsevier, náà sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, Zotero ni mo máa mú, nítorí kò so wá mọ́ ilé ìtẹ̀wé kankan. Àwọn tó ń fi LaTeX, ètò títẹ ìwé tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò, kọ̀wé lè kó àká wọn jáde ní BibTeX, irú fáìlì ìtọ́kasí tí LaTeX ń kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àfikún Better BibTeX ló máa ń mú iṣẹ́ náà dùn fún wọn.

Kí a tó fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́, kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan, kí a sì já ìtọ́kasí inú ẹ̀dà yẹn kúrò lára Zotero kí wọ́n di ọ̀rọ̀ lásán, nítorí àwọn ètò tí jọ́nà fi ń gba iṣẹ́ lè da kóòdù tó wà lẹ́yìn wọn rú. Ẹ̀dà tí kóòdù rẹ̀ ṣì wà láàyè kò gbọ́dọ̀ sọnù: bí àwọn olùyẹ̀wò bá ní kí a fi ìwé mẹ́rin kún un, òun ni a ó padà sí.