BeamNG.drive: Prósẹ́sọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé

Bí ẹ bá fi káàdì gíráfíìsì olówó ńlá sí ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀ tí kò lágbára, àwòrán BeamNG.drive, géèmù ìwakọ̀ orí kọ̀ǹpútà, yóò máa dán gbinrin, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ mẹ́rin bá fi lè kọlura, gbogbo rẹ̀ á máa wọ́lẹ̀ bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀.

Bí wọ́n ṣe kọ géèmù yìí ní Bremen, ní Jámánì, ló fà á. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ àkójọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ìsopọ̀ àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀pá tó ń tẹ̀, tó ń nà, tó sì ń ṣẹ́. Ìgbà 2,000 ni géèmù ń ṣírò wọn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣirò kan kò sì lè bẹ̀rẹ̀ bí èyí tó ṣáájú rẹ̀ kò bá tíì parí. Iṣẹ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọwọ́ lè dawọ́ jọ ṣe ni káàdì gíráfíìsì mọ̀. Èyí tó ń dúró de ara rẹ̀ báyìí, kóòrù prósẹ́sọ̀ (ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń ṣe ìṣirò) tó yára ló bá a mu. Fún ọkọ̀ kan ṣoṣo, ẹ wo ìyára kóòrù. Ẹni tó bá fẹ́ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ gidi, iye kóòrù ni kí ó wò: mẹ́fà, bíi ti prósẹ́sọ̀ Ryzen 5 5600, tó láti fi bẹ̀rẹ̀, mẹ́jọ ló fọkàn balẹ̀.

Ẹ fẹ́ mọ èyí tó ń dá kọ̀ǹpútà yín dúró? Ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù láti 1920×1080 sí 1280×720. Bí FPS (iye àwòrán tó ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) kò bá kúrò lójú kan, prósẹ́sọ̀ ló ń fà yín sẹ́yìn. Bó bá fò sókè, káàdì ni. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ọkọ̀ tó rọrùn fún traffic, kí ẹ sì pa Dynamic Reflections (òjìji àyíká tó ń hàn lára ọkọ̀). Ẹ má fi RAM ẹyọ kan ṣe é: méjì tó jẹ́ 8 GB sàn ju ẹyọ 16 GB lọ. Láàpútọ́ọ̀pù tí ẹ yọ kúrò lára iná? Ẹ má wulẹ̀ dánwò.

Káàdì wúlò fún físíìsì níbòmíràn. PhysX, ètò ìṣirò físíìsì tó di ti Nvidia, ilé iṣẹ́ káàdì gíráfíìsì, nígbà tó ra ilé iṣẹ́ Ageia ní 2008, ló ń fẹ́ aṣọ, tó sì ń fọ́ gíláàsì nínú géèmù Mirror's Edge. Ọ̀ṣọ́ lásán ni ìyẹn, kò yí ohunkóhun padà nínú eré, nítorí náà káàdì kò ní láti sáré dá prósẹ́sọ̀ lóhùn. Àwọn káàdì RTX 50 ti Nvidia kò gba PhysX 32-bit (irú tí géèmù àtijọ́ ń lò) mọ́ nígbà tí wọ́n jáde ní 2025, iṣẹ́ náà já lé prósẹ́sọ̀ lórí, géèmù àtijọ́ sì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Bí ẹ bá ń gbá Mirror's Edge tàbí Borderlands 2 lórí káàdì bẹ́ẹ̀, ẹ rí i pé dráífà yín (sọfitiwia tó ń darí káàdì) jẹ́ ti December 2025 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ìgbà náà ni Nvidia dá a padà fún wọn.