Ìgò, búútà, bọ́ọ̀bù àbí ẹ̀rọ: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ rà láti fi omi iyọ̀ ṣan imú?

Ẹ̀yin tí túúlu ń bá fínra, ẹ̀yin tí imú yín máa ń dí pa tí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ ti máa rí fídíò àwọn tó ń da omi sí ihò imú kan tó ń gba ìkejì jáde. Nǹkan gidi ni o, àwọn dókítà imú pàápàá máa ń ní kéèyàn ṣe é. Omi iyọ̀ yẹn máa ń rọ ikun tó ti gan, á wá fọ eruku tó há síbẹ̀ dànù. Kì í wo túúlu tán pátápátá ṣá, ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ń wò ó tán, ọjà ló fẹ́ tà.

Nǹkan tí wọ́n ń tà wá pọ̀, owó wọn ò dọ́gba, kálukú ló sì ń pariwo pé tòun ló dáa jù. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi: ohun tẹ́ ẹ máa rà ò ṣe pàtàkì tó omi tẹ́ ẹ máa bù sínú ẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ olówó gọbọi tó wá bu omi kànga sí i, ẹni tó ra ìgò pọ́ọ́kú tó se omi ẹ̀ dáadáa gbọ́n jù ú lọ.

Ìgò tí wọ́n ń fún àti ìkòkò neti

Ìgò tó gbajúmọ̀ jù ni ti NeilMed tí wọ́n ń pè ní Sinus Rinse, ó ń gba 240 ml, wọ́n sì máa ń fi ṣáṣẹ́ẹ̀tì iyọ̀ sínú páálí ẹ̀. Ẹ ó tẹ̀ ba síbi báṣíìnì, ẹ ó la ẹnu kẹ́ ẹ máa fi mí, ẹ ó wá rọra fún ìgò náà. Rọra ni mo wí o, torí ẹni tó bá fún un tagbára-tagbára, omi lè wọ etí ẹ̀, á wá máa ro ó. Ohun tí mo fẹ́ràn lára ìgò ni pé ẹ máa rí inú ẹ̀, ẹnu ẹ̀ fẹ̀, ó ṣeé fọ̀, ó sì tètè ń gbẹ. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ fi ìyẹn kún owó tẹ́ ẹ ń ṣírò.

Ìkòkò neti ní tiẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn oníyoga ilẹ̀ Íńdíà ló ti wá, ó rí bíi búútà kékeré tá a fi ń ṣàlùwàlá. Kò sí fífún níbẹ̀, ẹ ó kàn dorí kọ ẹ̀gbẹ́ ni, omi á máa sàn lọ fúnra ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi yọ ẹni tétí ń dùn lẹ́nu púpọ̀. Àmọ́ tí imú bá ti dí gan-an, omi ò ní kọjá, ẹ ó kàn dúró lórí ìdúró síbi báṣíìnì ni. Tẹ́ ẹ bá máa ra èyí, ẹ ra ti tánganran, torí ó rọrùn láti fọ̀ ju ti rọ́bà lọ.

Tó bá jẹ́ ọ̀kan lẹ fẹ́ mú nínú méjèèjì, ìgò ni kẹ́ ẹ mú. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí omi tì í nímú rárá ló lè lọ sí neti.

Bọ́ọ̀bù rọ́bà, ẹ̀rọ, àti spray

Bọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ń fa ikun ìkókó ló dínwó jù, gbogbo kẹ́mísìtì ló sì ní in, àmọ́ mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó máa fi ṣan imú. Ẹ ò lè rí inú ẹ̀, ẹnu ẹ̀ há, omi tó bá kù síbẹ̀ kì í gbẹ. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Ẹ̀rọ bíi Navage, bátìrì AA méjì ló ń lò, kò níí ṣe pẹ̀lú NEPA. Ó ń da omi sí ihò imú kan, ó ń fà á láti ìkejì, ó sì mọ́ tónítóní. Ibi tó ti máa ń rẹ́ni jẹ ni pé kì í ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ ò bá fi ike iyọ̀ tiwọn sí i, ẹni tó wà ní Houston lè rí i rà lọ́jọ́ kan, ẹni tó wà ní Ìbàdàn á dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Tó bá jẹ́ Nàìjíríà lẹ wà, ẹ má dá ara yín lágara.

Spray omi iyọ̀ bíi Sterimar, inú agolo ni wọ́n ti sé e kó má lè dọ̀tí, ẹ ò ní ronú omi kankan. Kò kàn pọ̀ tó láti ṣan imú ni, ó ń fi omi tù ú lásán. Ó dáa fún ẹni tó ń rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara páálí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, torí wọ́n máa ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n kọ xylometazoline tàbí oxymetazoline sí. Oògùn nìyẹn, á la imú lójú ẹsẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá lò ó kọjá ọjọ́ mélòó kan, imú á bẹ̀rẹ̀ sí í dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Omi: ibi tí ẹ̀mí wà

Lọ́dún 2011, èèyàn méjì kú ní Louisiana ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí wọ́n fi omi ẹ̀rọ inú ilé ṣan imú pẹ̀lú neti. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Naegleria fowleri ló wà nínú omi náà. Tẹ́ ẹ bá mu ún, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan, àmọ́ tó bá gba imú wọlé, ọpọlọ ló ń lọ. Ní Karachi lórílẹ̀-èdè Pakistan náà, wọ́n fura sí omi àlùwàlá fún àwọn kan tí kò wẹ̀ lódò rárá tí kòkòrò yìí pa. Kò wọ́pọ̀ o, àmọ́ ẹni tó bá mú, ó ṣọ̀wọ́n kó tó yè é.

Torí náà, omi kànga, bọ́ọ̀hòlù àti omi ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ wọ imú láìsè. Píọ̀ wọ́tà àti omi inú ike tí nọ́ńbà NAFDAC wà lára wọn náà, mímu ni wọ́n ṣe wọ́n fún, ẹ sè é. Kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan (àwọn tó ń gbé ibi tó ga ju 6,500 ẹsẹ̀ bàtà lọ ló ń se tiwọn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá), ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dé e pa, kẹ́ ẹ sì lò ó tán kí wákàtí 24 tó pé. Fílítà tẹ́ ẹ so mọ́ ẹ̀rọ omi ò tó, àyàfi tí wọ́n bá kọ “absolute 1 micron” tàbí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ sára ẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí ihò ẹ̀ kankan tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, distilled water (omi tí wọ́n sè di oru, tí wọ́n wá sọ oru náà di omi padà) wà ní gálọ́ọ̀nù ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ẹ rà á, ó tán. Nílé, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ ra omi bátìrì lọ́dọ̀ rewáyà, wọ́n á ní distilled water náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Ta ló mọ kẹ́ẹ̀gì tó bù ú sí, àbí ásíìdì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Tówó bá wà, ẹ ra omi drip normal saline 0.9% ní kẹ́mísìtì, ó mọ́, iyọ̀ ti wà nínú ẹ̀, ẹ ò ní fi nǹkan kan kún un, ẹ kàn má ra dextrose saline torí ṣúgà wà nínú ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti tú u, ẹ má tọ́jú àjẹkù pẹ́.

Ṣáṣẹ́ẹ̀tì àbí iyọ̀ tẹ́ ẹ pò fúnra yín

Ṣáṣẹ́ẹ̀tì ò ní wàhálà, ó kàn ń náni lówó ni. Ẹni tó bá fẹ́ po tiẹ̀, síbí tíì mẹ́ta iyọ̀ tí kò ní iodine, síbí tíì kan baking soda, ẹ pò ó ní gbígbẹ, kẹ́ ẹ máa bu síbí tíì kan sínú omi 240 ml. Ṣùgbọ́n òfin ló ní kí wọ́n fi iodine sí iyọ̀ tá a fi ń sebẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì lè máa ta imú, ìyẹn ni mo ṣe rò pé ṣáṣẹ́ẹ̀tì dáa jù fún ẹni tó wà nílé. Baking soda ni mo sọ o, kì í ṣe baking powder, kì í sì í ṣe kánún. Tó bá ń ta yín, iyọ̀ ti pọ̀ jù tàbí kò tó, omi lásán náà máa ń ta imú.

Ẹ má yá ẹlòmíì ní ìgò yín, kódà ọkọ tàbí ìyàwó. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìlò, omi tẹ́ ẹ ti sè ni kẹ́ ẹ fi ṣan án gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ dé kó gbẹ. Tí dókítà bá ti fún yín ní spray bíi fluticasone, ẹ kọ́kọ́ ṣan imú ná, kí oògùn lè dé ibi tó ń lọ.

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ imú fún, ẹni tétí ń dùn, àti ọmọdé, kí wọ́n rí dókítà ná kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Tí ojú bá wá ń wú, tí ibà gbóná pẹ̀lú orí fífọ́ tó le tàbí ọrùn líle, ilé ìwòsàn ni o, kì í ṣe omi iyọ̀ mọ́, ẹ sì rí i pé ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń ṣan imú àti irú omi tẹ́ ẹ lò.