Sáńpépà olómi fún lílọ eegun etí ẹja àrọ̀

Sáńpépà olómi táwọn tó ń kun mọ́tò ń lò wúlò gan-an fún ẹni tó bá fẹ́ ka ìlà inú eegun etí ẹja àrọ̀ kó lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ sì lè rí i rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọ̀dà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nọ́ńbà 1200 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi 2000 parí. Ẹ má ra 400 rárá, torí ó rí ṣágiṣàgi jù: ojú ibi tó bá họ lára eegun máa ń jọ ìlà gidi.

Ẹ fi súpágúlù lẹ eegun náà mọ́ gíláàsì, ẹ rin sáńpépà, kí ẹ rọra máa lọ ọ́. Ẹ máa wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù léraléra, torí bí ẹ bá lọ ọ́ kọjá àárín, àwọn ìlà ìgbà tí ẹja náà kéré ti bá a lọ nìyẹn. Irú ohun tó wà nínú èèpo ẹyin ló pọ̀ jù nínú eegun náà, nítorí náà fọ́málìn, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, lè jẹ ẹ́. Ẹ́tánọ́ọ̀lù (ògidì ọtí) ni kí ẹ fi tọ́jú orí ẹja.

Bí eegun náà bá dán tán, ẹ ó rí i pé ìlà fẹ̀ nígbà tí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ tóúnjẹ sì pọ̀, ó sì há mọ́ra nígbà tí omi tutù tàbí tí ebi ń pa ẹja.

Àbùkù kan: sáńpépà tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́lẹ́ tètè máa ń ya nínú omi.