Àwòrán orí fóònù àbí àwòrán ara ògiri?

Ní 2021, nígbà tí ìjọba Kwara ti ilé ẹ̀kọ́ 10 pa n'Ílọrin nítorí ọ̀rọ̀ híjáàbù, WhatsApp tèmi ò sinmi. Ìbéèrè mi ni pé, nínú àwòrán méjèèjì yìí, èwo ló dáa jù láti fi parí irú ìjà bẹ́ẹ̀ láàárín Mùsùlùmí àti Kristẹni?

Àwòrán orí fóònù yá. Ọmọ kan á jókòó sí Tankẹ́ n'Ílọrin, á fi Canva, áàpù tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán, ṣe é, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé Ọ̀fà. Owó dátà nìkan ló ná an. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ náà ní Canva. Á gé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, á fi tiẹ̀ rọ́pò.

Ògiri ò ṣeé gé bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹ fẹ́ ya obìnrin méjì, ọ̀kan wé gèlè, èkejì wọ híjáàbù, tí wọ́n jọ ń mọ ìkòkò bíi àwọn ìyá amọ̀kòkò Dàda ní Òkèlélé, n'Ílọrin. Ẹ máa gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé, ẹ máa ra ọ̀dà, ẹ máa gun àkàbà. Ẹ ò ní tíì kun aṣọ ìyá àkọ́kọ́ tán tí ẹnìkan á ti dúró: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ìyá yìí ò wá kọlà ni?" Àríyànjiyàn yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn. Ojúkojú ni, ẹ̀rín sì sábà máa ń bọ́ sí i. Lóòótọ́, òjò á bó ọ̀dà náà tó bá yá, àwọn olóṣèlú á sì lẹ pósítà mọ́ ọn (tiwọn ò lópin).

Bí irọ́ bá ń tàn kiri lónìí, fóònù ni kí ẹ mú. Bí ìjà bá ti rọlẹ̀, tó wá ku bí àdúgbò á ṣe tún máa kí ara wọn, ọ̀dà ni mo máa rà.