Híítà Alágbá àbí Ojú-ẹsẹ̀: Èwo Ló Bá Ilé Yín Mu ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Tí ọyẹ́ bá ti dé, tí omi táǹkì òkè ń gé ni lára láàárọ̀, ìgbà náà ni gbogbo ilé ń rántí híítà. Oríṣi méjì ni ọlọ́jà máa ń gbé síwájú ẹni. Alágbá ń gba omi pamọ́, lítà 30, 50 tàbí 80, ó sì ń sè é díẹ̀díẹ̀. Ojú-ẹsẹ̀ ò ní àgbá. Bí omi ṣe ń kọjá nínú rẹ̀ ló ń gbóná. Ọlọ́jà á sọ ẹwà àwọn méjèèjì fún yín. Èmi fẹ́ sọ àìsàn wọn.

Ojú-ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rà sílé ìyá mi, torí ó kéré, owó rẹ̀ náà ò ga. A gbé e kọ́, kò tàn. A yẹ wáyà wò, a yẹ bíréékà wò, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Àṣé táǹkì wa ni ò ga tó! Agbára omi ló ń ti nǹkan kan nínú híítà yìí kí iná tó wọlé. Omi gbọ́dọ̀ ti nǹkan bíi mítà 10 sọ̀ kó tó ní agbára báà 1 (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára omi); tiwa ò ju mítà 2 lọ. Èyí tó ní pọ́ǹpù kékeré nínú ló yẹ ká rà. Tó bá sì ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó kọṣẹ́, ẹ tú àwọ̀n kékeré tó wà níbi tómi ń gbà wọlé wò, yanrìn bọhóòlù lè ti dí i.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá dùn mí jù. Ojú-ẹsẹ̀ ń jẹ wátì 3,500 sí 5,500, púlọ́ọ̀gì 13 ámúpù ò sì lè gbé ju nǹkan bíi 3,000 lọ. Wáyà tirẹ̀, tó nípọn, gbọ́dọ̀ ti inú bọ́ọ̀dù wá, pẹ̀lú bíréékà tirẹ̀. Alágbá ò ju 1,500 sí 2,000 lọ. Tí iná bá ṣe bàìbàì, tí fọ́ọ̀tì (volt) rẹ̀ já láti 230 sí 160, ooru híítà ò dín díẹ̀ o, bí ìdajì ló ń kù. Lítà 50 tí alágbá ń sè ní bíi wákàtí kan á di wákàtí méjì, ṣùgbọ́n á gbóná. Ojú-ẹsẹ̀ ò lè dúró. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ máa fi wẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá dín táàpù kù. Tí wọ́n bá sì mú iná wá lóru, alágbá á tọ́jú ooru náà dàárọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi bá alágbá lọ.

Kì í ṣe pé kì í bàjẹ́. Àtùpà kékeré ara rẹ̀ ń tàn, omi ò gbóná: ẹ́límẹ́ǹtì, irin tó ń sè omi nínú rẹ̀, ló sábà máa ń jóná. Àtùpà ò tàn: ẹ pa bíréékà, kí oníṣẹ́ iná tẹ bọ́tìnì kékeré ara tẹmósítáàtì, ohun tó ń darí gbígbóná omi, tó bá tún já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ó ń dún bí ẹni ń din dòdò: nǹkan funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù ti bo ẹ́límẹ́ǹtì. Omi rẹ̀ pupa bí irin tó dógùn-ún: ọ̀pá magnesium tó ń kú dípò àgbá ti tán. Tí fáàfù ààbò ara àgbá bá ń kán díẹ̀ nígbà tó ń gbóná, ẹ fi í sílẹ̀, omi gbígbóná ló ń fẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí púlọ́ńbà kankan dí i, àgbá tí ò níbi tó ń gbà mí lè bú gbàù. Ẹ má sì tan án kí omi tó kún inú rẹ̀.

Bọ́ílìn rìngì? Inú báàfù tẹ́nì kan fẹ́ wẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń kì í bọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wátì rẹ̀ ò tó 1,000 ò sì lè gbé ìkankan nínú híítà méjèèjì.

Ayálégbé ní àdúgbò Under G tí táǹkì ilé rẹ̀ ga, tí iná rẹ̀ dúró dáadáa, lè ra ojú-ẹsẹ̀. Ó rọrùn láti tú lọ́jọ́ tó bá ń kó lọ. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, wáyà ẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ lóòótọ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọlọ́jà gbé àpààrọ̀ ẹ́límẹ́ǹtì àti tẹmósítáàtì irú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà jáde. Tí kò bá ní in, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.